Mo fẹ́ kí ọkọ mi tètè dé Amẹ́ríkà, èwo ló ń yára nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń sọ yìí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Sitísìn Amẹ́ríkà ni mí, ọkọ mi wà lókè òkun, mo ti fi I-130, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ tàbí ìyàwó, sílẹ̀ fún un ó ti pẹ́, USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wo fọ́ọ̀mù náà, ò sọ nǹkan kan fún mi ju pé wọ́n ti rí i gbà. Ẹnìkan ní kí n sanwó premium kó lè yá, ẹlòmíì ní kí n fi físà K-3 kún un, ẹlòmíì tún ní kó kúkú fi físà àbẹ̀wò wọlé ká parí gbogbo ẹ̀ níbí, lọ́yà kan dẹ̀ ní ká pe ìjọba lẹ́jọ́. Ó ti sú mi. Èwo ni kí n gbọ́?

*

Àǹtí, ẹ kú ìfaradà o. Mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn ṣègbéyàwó tán kó wá jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti ń kí ara yín káàárọ̀. Èmi náà dúró de ìyàwó mi bẹ́ẹ̀, láti ìgbà yẹn ni mo dẹ̀ ti ń bá àwọn èèyàn yẹ pépà wọn wò, torí náà ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò ńbẹ̀. Kò sí premium fún I-130. Kò sí rárá. I-907 tí wọ́n fi ń sanwó kí nǹkan lè yá, ti ibi iṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, irú I-129 àti I-140, ó tún kan díẹ̀ nínú I-539 àti I-765, àmọ́ fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ tàbí ìyàwó ò sí lára ẹ̀. Láti April 2024, $625 ni ìjọba ń gbà lórí I-130 tẹ́ ẹ bá fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe é, $675 tó bá jẹ́ pé bébà lẹ fi ránṣẹ́, ó tán. Ajẹ́ńtì tó bá ní òun máa fi owó kún un kí wọ́n tètè dáhùn, àpò ara ẹ̀ ló ń fi owó yẹn sí.

Ohun tí mo gbà gbọ́ rèé, ẹ máa gbé e wò bí mo ṣe ń lọ: ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń tà fún wa pé ó ń mú nǹkan yá ò mú un yá, àmọ́ ọ̀pọ̀ oṣù ló ń bá ọwọ́ àwa fúnra wa lọ, nínú pépà tí ò pé, nínú íméèlì tá ò ṣí, nínú sponsor, ẹni tó máa fi owó tiẹ̀ dúró fún wa, tá ò wá títí ọjọ́ fi lọ. Oṣù wọ̀nyẹn lẹ lè gbà padà. Ti ọwọ́ USCIS, ìgbà díẹ̀ báyìí lẹ lè rí nǹkan ṣe sí i.

*

K-3. Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán, gbogbo ìgbà lẹnìkan máa ń gbé e dìde, torí ó wà nínú òfin lóòótọ́. Òfin LIFE Act tí wọ́n ṣe ní 2000 ló dá a sílẹ̀, nígbà tí I-130 ń pẹ́ gan-an, pé kí ọkọ tàbí ìyàwó sitísìn wá dúró sí Amẹ́ríkà kí ìyókù máa lọ lẹ́yìn. Ẹ máa fi fọ́ọ̀mù kejì, I-129F, kún I-130, wọn ò dẹ̀ ní gba owó kankan lórí I-129F yẹn tó bá jẹ́ ti K-3. Ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn, ọ̀fẹ́ ni.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tí I-130 bá ti jáde kí I-129F tó dé NVC, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń gba fáìlì lẹ́yìn USCIS kó tó lọ sí ẹ́ḿbásì, tàbí tí méjèèjì bá jọ débẹ̀, wọ́n á ti K-3 pa, wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa bá físà gidi lọ. Ọwọ́ USCIS kan náà ni méjèèjì dẹ̀ wà, wọ́n sábà máa ń jọ mú wọn ni. Nínú gbogbo àwọn tí mo bá wo pépà, mi ò rí ẹnì kan tó gba K-3 rí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sí i torí pé owó ò sí ńbẹ̀, kò burú, kò ní ba nǹkan jẹ́, ṣáà má gbọ́kàn lé e.

*

Ẹni tó ní kí ọkọ yín fi físà àbẹ̀wò wọlé, mo fẹ́ dá a lóhùn dáadáa torí ibẹ̀ ni mo ti rí ìdílé tó jìyà jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀: ọkọ tàbí ìyàwó sitísìn tó bá ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tí wọ́n yẹ pépà ẹ̀ wò, lè fi I-485, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ green card, sílẹ̀ láì jáde. Àwọn kan ṣe é, ó bọ́ sí i fún wọn, wọ́n wá ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ohun tí wọn ò sọ ni pé òfin 214(b) ti ní kí òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì gbà pé ẹni tó wá tọrọ físà àbẹ̀wò fẹ́ jókòó síbẹ̀ ni, àfi tó bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. I-130 tẹ́ ẹ ti fi sílẹ̀ dẹ̀ rèé lójú kọ̀ǹpútà wọn, ó ń sọ pé ó fẹ́ wá jókòó. Wọ́n á béèrè lórí fọ́ọ̀mù bóyá ẹnikẹ́ni ti bẹ̀bẹ̀ fún un rí. Tó bá ní rárá, irọ́ nìyẹn, irọ́ tí wọ́n bá mú níbẹ̀ lè tì í síta títí ayé àfi tẹ́ ẹ bá gba waiver, ìyẹn ìdáríjì tí wọ́n ń fi I-601 tọrọ, ó ní owó tiẹ̀, ó dẹ̀ ń pẹ́.

Ká ní ó wọlé, tí wọ́n bi í ní pápá ọkọ̀ òfuurufú pé kí ló wá ṣe, tó ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, tó wá di pé nígbà tó kù díẹ̀ kó máa lọ ló wá ní òun ò lọ mọ́. Wọ́n á bi í. Tó bá dẹ̀ wá pẹ́ kọjá ọjọ́ tí wọ́n fún un tí kò tíì fi nǹkan kan sílẹ̀, tó wá jáde, òfin 1996 wà ńbẹ̀: ẹni tó bá ti lé ní ọjọ́ 180 láì ní àṣẹ, ọdún 3 ni kò ní lè padà wá, tó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọdún 10. Ẹ wá fi ọdún 10 wé oṣù tẹ́ ẹ ń kánjú sí yìí.

Mi ò sọ pé kó má wá kí yín o. Tó bá ní físà tẹ́lẹ̀, tó ní iṣẹ́ tó máa padà sí, tó dẹ̀ sọ òótọ́ fún wọn pé ìyàwó òun ń bẹ̀bẹ̀ fún òun àmọ́ òun máa padà lọ dúró, àwọn kan máa ń jẹ́ kó wọlé. Kó wá kí yín, kó padà. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìyẹn àti ète.

*

Ẹnìkan bi mí lórí eléyìí pé ṣé a ò lè sọ fún USCIS kí wọ́n yára ni, òun gbọ́ pé expedite wà. Ó wà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè gba orí àkáǹtì yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tọrọ ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ pè wọ́n. Àmọ́ àwọn ìdí tí wọ́n ń gbà ni: àdánù owó tó le gan-an fún èèyàn tàbí iléeṣẹ́, pàjáwìrì tàbí ọ̀rọ̀ àánú tí kò lè dúró, àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè tí iṣẹ́ wọn ṣe Amẹ́ríkà láǹfààní, ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ nílò, àti àṣìṣe tó jẹ́ pé USCIS ló ṣe é. Ọwọ́ wọn ló wà, wọ́n lè ní rárá.

Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n ní rárá, ẹ gbọ́ mi dáadáa: àwọn èèyàn ń kọ ìfẹ́ síbẹ̀. "Àárò ọkọ mi ń sọ mí, mi ò lè sùn, ọdún kejì rèé." Òótọ́ ni, ó dẹ̀ ń dunni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà yẹn ni àárò ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀ ń sọ. Ẹ fún wọn ní pépà. Tó bá jẹ́ àìsàn, lẹ́tà dókítà tó ní orúkọ àìsàn, ìtọ́jú tó ń lọ, ìdí tó fi jẹ́ pé ẹni tẹ́ ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ogun tàbí ewu níbi tó ń gbé, ẹ̀rí pé ibẹ̀ ló ń gbé, àti ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ owó, ìwé báǹkì, gbèsè, lẹ́tà tó fẹ́ lé yín jáde nínú ilé, kó dẹ̀ má jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fa ìdádúró náà, pé ẹ ò tètè fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ tàbí ẹ ò dáhùn ohun tí wọ́n béèrè.

Mo mọ obìnrin kan tí oyún ẹ̀ le gan-an, dókítà ní kó má dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sí ẹnì kankan tó lè tọ́jú ọmọ tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà gígùn nípa bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ara wọn, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó tún tọrọ, lọ́tẹ̀ yìí lẹ́tà dókítà ló wà níwájú, lẹ́tà tiẹ̀ kúrú, wọ́n gbà. Kẹ́ ẹ dẹ̀ mọ̀ pé tí wọ́n bá gba expedite, wọ́n kàn máa tètè wò ó ni, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti fọwọ́ sí I-130 yín.

Tó bá ti dé NVC, tó wá ní ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè, ẹ̀yin tún lè bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà dókítà. NVC máa gbé e fún ẹ́ḿbásì, ẹ́ḿbásì ló máa pinnu.

*

Ẹlòmíì ní, "Congressman mi, aṣòfin àgbègbè mi, ló bá mi ṣe é, ọ̀sẹ̀ kan ló jáde." Mo gbọ́, mo dẹ̀ bá yín yọ̀. Àmọ́ kí àwọn tó ń kà á má rò pé ọ́fíìsì yẹn lè pàṣẹ fún USCIS. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé ẹ máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tó gbà wọ́n láàyè láti wo fáìlì yín, wọ́n á wá bá yín béèrè ibi tó dé. Níbi tó ti wúlò gan-an ni tí fáìlì bá sọnù láàárín ọ́fíìsì méjì, tàbí tí wọ́n ti fọwọ́ sí i tí NVC ò rí i gbà. Tí fáìlì yín bá kàn wà lórí ìlà pẹ̀lú ti àwọn tó kù, èsì tẹ́ ẹ máa gbà ni pé ó wà lórí ìlà. Ẹ ṣe é náà, kò ná yín ní kọ́bọ̀.

*

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sí rèé, ibi tí oṣù ti ń ṣòfò.

Tẹ́ ẹ ò bá tíì fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lo íńtánẹ́ẹ̀tì, torí ọjọ́ tí wọ́n bá kọ RFE, ìyẹn lẹ́tà pé ẹ̀rí yín ò tó, ọjọ́ yẹn náà lẹ máa rí i. Ọjọ́ tí wọ́n ń fún èèyàn láti dáhùn ẹ̀ kì í kọjá 84, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè dáhùn, gbogbo ẹ̀rí ní láti jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí ìyókù máa bọ̀, ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa fi dájọ́.

Kí ló ń fa RFE? Ìkọ̀sílẹ̀ ìgbéyàwó àkọ́kọ́ tí kò sí ìwé kọ́ọ̀tù ẹ̀, yálà ti ẹ̀yin tàbí ti ọkọ. Orúkọ tó yàtọ̀ láàárín ìwé ìbí, páásípọ́ọ̀tù àti ìwé ìgbéyàwó, tí kò sí ohun tó ṣàlàyé ẹ̀. Ìwé tí kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ ò túmọ̀, tàbí tẹ́ ẹ túmọ̀ àmọ́ tí ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ ò fọwọ́ sí i pé òun gbọ́ èdè méjèèjì. I-130A, ìwé tó ń sọ nípa ọkọ fúnra ẹ̀, tí wọ́n gbàgbé, torí wọ́n ní ọkọ ò sí níbí láti fọwọ́ sí i. Ẹ fi sílẹ̀, tó bá wà lókè òkun kò nílò láti fọwọ́ sí i, àmọ́ ìwé náà gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀.

Èyí tó tún pọ̀ ni ẹ̀rí ìgbéyàwó gidi. Àwòrán ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ò tó, bó ti wù kó pọ̀ tó. Wọ́n fẹ́ rí i pé ẹ ń gbé ayé pọ̀ láìka pé ilé yín ò pọ̀ sí: owó tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, òǹtẹ̀ páásípọ́ọ̀tù ìgbà tẹ́ ẹ lọ kí i, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń sọ lórí fóònù láti oṣù sí oṣù, orúkọ ẹ̀ lórí inṣọ́ránsì yín. Ẹ mú díẹ̀díẹ̀ láti gbogbo ìgbà, ẹ má kó ojú ewé ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rọ̀ WhatsApp fún wọn.

*

Tí USCIS bá fọwọ́ sí i, fáìlì máa lọ sí NVC ní Portsmouth, New Hampshire. Ibí gan-an ló wà lọ́wọ́ yín. Owó méjì lẹ máa san, $325 fún físà àti $120 fún ti I-864, ìwé tẹ́ ẹ fi ń ṣèlérí pé ẹ máa gbọ́ bùkátà ẹ̀; DS-260, fọ́ọ̀mù físà, ò ní ṣí títí tí owó máa fi wọlé, torí náà ọjọ́ tí íméèlì bá dé ni kẹ́ ẹ san. Ọ̀pọ̀ ni íméèlì yẹn wà nínú spam wọn. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ jẹ́ kó pé ọdún kan láì dá wọn lóhùn, wọ́n lè fagi lé gbogbo ẹ̀.

I-864 ló ń dá ogun sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i, kódà tẹ́ ẹ ò bá ní iṣẹ́. Owó tó ń wọlé fún yín gbọ́dọ̀ tó 125% ìlà òṣì tí ìjọba ń kọ jáde lọ́dọọdún, ní 2025 ó jẹ́ $26,437 fún èèyàn méjì ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, 100% tó fún un. Tí kò bá tó, dúkìá lè kún un, ìlọ́po mẹ́ta ohun tó kù fún ọkọ tàbí ìyàwó sitísìn: tó bá ku $5,000, dúkìá tó tó $15,000. Tàbí kẹ́ ẹ wá joint sponsor, sitísìn tàbí ẹni tó ní green card, tó ń gbé Amẹ́ríkà, kò pọn dandan kó jẹ́ ẹbí.

Àríyànjiyàn tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kan ní kẹ́ ẹ dúró kí NVC kọ́kọ́ ní owó yín ò tó kẹ́ ẹ tó wá sponsor. Mi ò gbà. Ẹ bá ẹni náà sọ̀rọ̀ látìgbà tí I-130 ṣì wà ní USCIS, kẹ́ ẹ dẹ̀ sọ òótọ́ fún un. Ìwé yẹn kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé ọmọlúwàbí ni èèyàn, àdéhùn ni, ìkọ̀sílẹ̀ pàápàá kì í tú u ká. Ó máa wà títí ọkọ yín máa fi di sitísìn, tàbí tó máa fi ní iṣẹ́ bí ọdún 10, tí wọ́n ń kà sí 40 quarter, lórí Social Security, tàbí tó kúrò ní Amẹ́ríkà pátápátá, tàbí tí ọ̀kan nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú àdéhùn náà bá kú. Mo ti rí ẹ̀gbọ́n tó gbà lórí fóònù pé "kò sí wàhálà," tó wá ka fọ́ọ̀mù náà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́, tó ní òun ò ṣe mọ́. Oṣù mélòó ni wọ́n tún fi wá ẹlòmíì.

*

Èyí wà fún ẹni tó kọ̀wé pé òun ò tíì di sitísìn, green card lòun ní, ìyàwó àti ọmọ kékeré wà lẹ́yìn. Ìlà tiyín yàtọ̀, F2A ni, ìyẹn ìlà ọkọ, ìyàwó àti ọmọ ẹni tó ní green card; Visa Bulletin, ìwé tí ìjọba ń gbé jáde lóṣooṣù, ló ń sọ ìgbà tó kàn yín. Tẹ́ ẹ bá di sitísìn, ẹ fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí ibi tí fáìlì wà, ìyàwó máa bọ́ sí ìlà tí wọn ò fi iye pààlà sí lọ́dọọdún. Ohun tó ń mú nǹkan yá lóòótọ́ nìyẹn, N-400, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ láti di sitísìn, dẹ̀ ṣeé fi sílẹ̀ ní ọjọ́ 90 ṣáájú kí ọdún 5 yín lórí green card tó pé.

Àmọ́ ẹ dákun, ọmọ! Ní F2A, ọmọ lè bá ìyá ẹ̀ wọlé lórí fáìlì kan náà. Ní ti sitísìn kò sí bẹ́ẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní I-130 tiẹ̀. Àwọn kan búra sitísìn tán, inú wọn ń dùn, wọ́n dé ẹ́ḿbásì wọ́n ní ìyá lè lọ, ọmọ ò lè lọ. Tó bá jẹ́ ọmọ tí ìyàwó bí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fẹ́ra, ìgbéyàwó yín gbọ́dọ̀ ti wáyé kí ọmọ náà tó pé ọdún 18.

*

Ti ẹjọ́. Lọ́yà tó sọ ọ́ fún yín ò purọ́, mandamus, ẹjọ́ tí wọ́n fi ń mú ìjọba dáhùn, wà, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, $405 ni owó fífi ẹjọ́ sílẹ̀ láì ka owó lọ́yà, ìjọba ní ọjọ́ 60 láti fèsì. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n á ti mú fáìlì yẹn kí ọjọ́ 60 tó pé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ti ṣe é fi ń gbóríyìn fún un.

Àmọ́ ohun tí ilé ẹjọ́ lè sọ ni pé "ẹ dáhùn," kò lè sọ pé "ẹ gbà." Ní June 2024, nínú ẹjọ́ Department of State v. Muñoz, ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ pé sitísìn ò ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ tàbí ìyàwó òun wọlé. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, torí ìdílé ni. Torí náà tí pépà yín bá ní àlébù, ẹjọ́ á kàn jẹ́ kẹ́ ẹ tètè gbọ́ rárá ni. Ẹ wo iye ìgbà tí USCIS ń lò lórí ìkànnì wọn, tẹ́ ẹ ò bá tíì kọjá ẹ̀, ẹ fi owó yín pamọ́. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ìbéèrè ránṣẹ́ pé ó ti kọjá, tẹ́ ẹ bá wá kọjá ẹ̀ jìnnà tí gbogbo ìbéèrè yín ò mú èsì wá, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀.

Ohun kan tún wà tí lọ́yà ò lè ṣe nǹkan sí. Àṣẹ ààrẹ lè dá físà orílẹ̀-èdè kan dúró, ó ṣẹlẹ̀ ní 2017, ní 2020, àti ní 2025. Kẹ́ ẹ tó na owó lórí ohunkóhun, ẹ wo bóyá orúkọ orílẹ̀-èdè ọkọ yín wà ńbẹ̀, àti bóyá ọkọ tàbí ìyàwó sitísìn ní àyè ọ̀tọ̀.

*

Àǹtí, ẹ tún máa fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí ọkọ yín máa ṣe báyìí. Kó wá ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá, ti orílẹ̀-èdè ẹ̀ àti ti ibikíbi tó ti gbé tó ọdún kan láti ìgbà tó ti pé ọdún 16, ti ibi tó ti kúrò ló máa ń pẹ́ jù. Kó má tíì ṣe àyẹ̀wò ìlera, dókítà tí ẹ́ḿbásì yàn nìkan ló lè ṣe é, àyẹ̀wò yẹn ló dẹ̀ sábà ń pinnu ọjọ́ tí físà máa kú, oṣù 6 ni nígbà tó pọ̀ jù.

Ẹ tún wo ọjọ́ ìgbéyàwó yín. Tó bá wọlé kí ìgbéyàwó tó pé ọdún 2, físà CR-1 ni, green card ọdún 2, ẹ tún máa ṣe I-751, fọ́ọ̀mù tó ń yọ ààlà ọdún 2 yẹn kúrò, $750, kí káàdì náà tó kú. Tó bá wọlé lẹ́yìn ọdún 2, IR-1 ni, káàdì ọdún 10. Torí náà tí físà bá jáde tó ku ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kẹ́ ẹ pé ọdún 2, tí físà dẹ̀ ṣì ní ọjọ́ lára, kó ní sùúrù kó tó wọ ọkọ̀. Èmi á dúró. Ìyàwó mi ní òun ò ní dúró, a ò tíì parí ìjà yẹn.

Ní ti fáìlì yín tó wà ní USCIS, ẹ wọ orí àkáǹtì yín lálẹ́ òní, ẹ wo bóyá wọ́n ti kọ RFE sílẹ̀ tẹ́ ẹ ò rí. Tí kò bá sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kó pépà owó orí ti ọdún tó kọjá jọ fún I-864, kẹ́ ẹ dẹ̀ sọ iye tó ń wọlé fún yín fún mi kí n mọ̀ bóyá ẹ máa nílò sponsor.